Ẹyin Ilẹ̀ Éṣíà Tí Wọ́n Ní Kí N Kà ní Manchester

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo bá lọ sí Manchester, adìẹ ilé wa sì ni mo ní lọ́kàn. Mo ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní ẹ̀ka ọ̀sìn ẹran lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa kí n tó rí sikọ́láṣípù gbà ní apá ìparí àwọn ọdún 1980. Ohun tí mo fẹ́ kọ ìwé lé lórí ni bí àwọn obìnrin agbègbè wa ṣe ń sin adìẹ tó ń yé ẹyin, àti ìdí tí ẹyin fi ń wọ́n lọ́jà nígbà tí adìẹ ń jẹ̀ kiri ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo èèyàn. Mo ti kọ orí ọ̀rọ̀ náà sójú ìwé kí n tó wọ bàálù.

Ọ̀gá tí wọ́n ní kó máa bójú tó iṣẹ́ mi ní yunifásítì jẹ́ òyìnbó gíga kan tó máa ń wọ kóòtù kan náà lójoojúmọ́, tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti jẹ. Ó ka ojú ìwé mi tán, ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Níbo lo ti máa rí àwọn iye ẹyin rẹ̀?"

"Màá kọ̀wé sílé, sà."

"Lẹ́tà á pẹ́ kó tó dé. Èsì á tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún kan péré lo ní."

Ó mú mi lọ sí yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tan iná. Fáìlì ló kún ibẹ̀ dé òkè àjà. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kó wọn jọ: ìròyìn ìjọba lórí ọ̀sìn adìẹ àti ẹyin láti Íńdíà, Ṣáínà, Japan, Thailand, Philippines àti àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà mìíràn. Kò tíì sẹ́ni tó fi wọ́n ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá mi wò wọ́n, ó wò mí, mo sì ti mọ ohun tó máa sọ kó tó lanu.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń kọ̀wé lórí ẹyin ilẹ̀ Éṣíà nìyẹn. Mi ò dé Éṣíà rí. Ibi tó jìnnà jù lọ tí ẹsẹ̀ mi tíì tẹ̀ ni Manchester tí mo wà yẹn.

Ọkọ mi bá mi wá. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Trafford Park, a sì ń gbé òkè ilé kan ní Stretford, kò jìnnà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo ròyìn fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé adìẹ tiwa kì í yé ni?"

"Ó ń yé. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

"Àwọn ará Éṣíà wá kọ tiwọn sílẹ̀?"

Mo ní wọ́n kọ ọ́. Ká ní mo mọ ohun tó wà níwájú ni, mi ò bá tí fọwọ́ sọ̀yà.

Ohun tí ọ̀gá mi fẹ́ ò ju àtẹ kan ṣoṣo lọ: orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọdún lókè, iye ẹyin láàárín. Ó ní tí àtẹ náà bá ti dúró, ìyókù ìwé á kọ ara rẹ̀. Mo jókòó tì í láti October. Orílẹ̀-èdè kan ń ka ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan, èkejì ń wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, ẹ̀kẹta ń kà á ní kireeti, kò sì sọ ẹyin mélòó ló wà nínú kireeti rẹ̀. Níbì kan January ni ọdún wọn bẹ̀rẹ̀, níbòmíràn April. Fáìlì Japan mọ́ tónítóní: adìẹ nínú àgò, àgò lórí àgò, iná tí wọ́n ń tàn fún wọn, oúnjẹ tí wọ́n jẹ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ṣí i, ó máa ń ṣe mí bíi kí n má pa á dé. Ṣùgbọ́n ti Íńdíà, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pẹ̀lú lẹ́tà tín-ín-rín pé adìẹ ẹ̀yìnkùlé àwọn obìnrin abúlé kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn adìẹ yẹn gan-an ni mo fẹ́ mọ̀. Àwọn ibòmíràn da ẹyin pẹ́pẹ́yẹ pọ̀ mọ́ ti adìẹ. Ní Philippines, wọ́n máa ń jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ nínú ẹyin pẹ́pẹ́yẹ kí wọ́n tó sè é jẹ. Mo lọ bá ọ̀gá mi pé ṣé ẹyin ni kí n ka èyí sí ni àbí ẹran. Ó ní kí n lo òye mi. Òye wo? Èmi tí mi ò jẹ ẹ́ rí.

Bíi pé ìyẹn ò tó, ìgbà òtútù ọdún yẹn ni ariwo ta káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹyin ń kó àìsàn bá èèyàn. Gbogbo ẹni tó mọ̀ pé ẹyin ni mò ń kà ló ń dá mi dúró lọ́nà. Màmá kan wà ní ìjọ wa, nọ́ọ̀sì tó ti ń gbé Manchester láti ìgbà tí Nàìjíríà gba òmìnira. Wọ́n dì mí mú lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday kan.

"Ìwọ tó ń kàwé ẹyin, ṣé ká máa jẹ ẹyin ni àbí ká má jẹ ẹ́ mọ́?"

"Màmá, ẹyin Éṣíà ni mò ń kà, mà."

"Ẹyin Éṣíà kì í ṣe ẹyin?"

"Ẹ sè é kó jinná dáadáa, mà."

"Ohun tí wọ́n ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n náà nìyẹn. Kí wá ni wọ́n ń kọ́ ẹ níbẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo bá tèmi lọ.

Nínú kíláàsì wa, ọkùnrin kan wà láti orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà, torí pé ó bẹ̀ mí nígbà yẹn, ẹ̀bẹ̀ náà ò sì tíì pẹ́ jù lójú mi. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́ka ọ̀sìn ẹran bíi tèmi ni, èèyàn kúkúrú tó máa ń wọ súwẹ́tà méjì lórí ara wọn nítorí òtútù. Òyìnbó la jọ ń sọ, kò sì sí "ẹ" nínú òyìnbó, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, "ẹ" ni mò ń bá a sọ. Òun ló máa ń túmọ̀ àwọn ìwé orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún mi, kò sì kùn rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní February, mo wà ní láíbìrì pẹ̀lú fáìlì orílẹ̀-èdè rẹ̀ níwájú mi. Mo rí àgbègbè kan tí iye ẹyin rẹ̀ bára mu fún ọdún mẹ́rin léraléra. Kì í ṣe pé ó jọra, ó bára mu dé orí ẹyin tó gbẹ̀yìn. Mo tún un kà, mo bu ọwọ́ lé orí. Oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ń pín iye wọ̀nyí, tí mò ń sọ wọ́n di púpọ̀, tí mò ń yọ èyí nínú èyí. Mo gbé fáìlì náà, mo lọ bá a níbi tó ti ń mu tíì ní kántíìnì.

"Ẹ wo àgbègbè yìí," mo ní. "Ẹ wo ọdún yìí, àti èyí, àti èyí. Ṣé àwọn adìẹ wọn ń ṣèpàdé kí wọ́n tó yé ni?"

Ó wo ojú ìwé náà. Ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ìka lé orúkọ àgbègbè náà, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ó ní.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Àgbègbè mi nìyẹn. Èmi ni mo kọ iye yẹn, lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

Ó wá ṣàlàyé fún mi, láìgbójú sókè. Abúlé tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀, òdìkejì odò sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Alùpùpù kan ṣoṣo ni òun àti àwọn méjì mìíràn jọ ń lò. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó lọ láti ilé dé ilé lóòótọ́, ó ń ka adìẹ, ó ń béèrè ẹyin. Àwọn obìnrin ibẹ̀ rò pé owó orí ló wá fún, wọ́n kó adìẹ wọn pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ó gbọ́ tí wọ́n ń ké lábẹ́ ibùsùn tí ìyá onílé sì ń sọ fún un pé òun ò ní adìẹ. Ó kọ òdo sílẹ̀ fún ilé náà; ti àwọn abúlé òdìkejì odò tí kò lè dé, ó fojú díwọ̀n rẹ̀, ó sì díwọ̀n rẹ̀ ga. Ní ọdún kejì, òjò ba ọ̀nà jẹ́, olú iléeṣẹ́ sì fẹ́ fọ́ọ̀mù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó wo ti èṣí, ó dà á kọ.

"Mo rò pé ẹnì kan máa bi mí," ó ní. "Ní ọdún kẹta, mo tún rò bẹ́ẹ̀. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn pé ẹ ò lè dé ibẹ̀?"

"Wọ́n á ní mi ò ṣiṣẹ́."

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé mi ò rí irú èyí rí, pé èmi ni mo wá ń jìyà ohun tó ṣe, pé orí ń fọ́ mi láti October. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Jọ̀wọ́, má dárúkọ mi. Mo ṣì ní ọdún mẹ́jọ kí n tó fẹ̀yìn tì." Mo ní mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo kó ìwé mi, mi ò sì kí i kí n tó lọ. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Stretford ni mo ti rántí ọ́fíìsì wa nílé. Fọ́ọ̀mù adìẹ máa ń dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Èmi àti akọ̀wé mi á jókòó síbi atẹ́gùn ti ń fẹ́, màá ní, "Kí la kọ léṣìí?" Á kà á jáde. Màá ní, "Fi díẹ̀ kún un." A fi díẹ̀ kún un fún ọdún mẹ́ta tí mo rántí dájú. Ó kéré tán, ọkùnrin tí mo pariwo mọ́ yẹn lọ kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Èmi ò kan ilẹ̀kùn ẹnì kankan. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì yẹn títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀.

Ọkọ mi ò rí ohun tó le níbẹ̀. "Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́," ó ní. "Ta ló máa lọ sí Éṣíà lọ ka ẹyin kó tó wá mú ẹ?"

"Ohun tí gbogbo wọn ń sọ náà nìyẹn."

"Gbogbo àwọn wo?"

Mo ní kó jẹ́ kí n sùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi tó kọ iye náà. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo wá lọ bá ọ̀gá mi pé àwọn iye kan wà nínú àtẹ wa tí mi ò lè fọkàn tán.

"Kò sí iye tí kò ní àṣìṣe," ó ní. "Kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé."

"Kì í ṣe àṣìṣe, sà. Wọ́n dà á kọ ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mi ò lè sọ bí mo ṣe mọ̀. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n ká ẹran mọ́ lẹ́nu. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá tàbí kí n parí àtẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà bẹ́ẹ̀. Mo bá mú àtẹ náà wá, ó ní ó kù. Mo tún mú un wá, ó ní ó kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ẹyin débi pé ọkọ mi ń lọ dín tiẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọ̀gá mi, tí kò lè wá sí ọ́fíìsì. Ó ránṣẹ́ pé kí n mú iṣẹ́ mi wá bá òun nílé ní Dobcross, abúlé orí òkè kan. Ẹni tó ní mọ́tò ló mọ ọ̀nà Dobcross. Èmi wọ bọ́ọ̀sì dé Oldham, mo wọ òmíràn níbẹ̀, mo wá fẹsẹ̀ gun òkè tó kù nínú òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ àti atẹ́gùn tó ń ti orí pápá gíga yẹn bọ̀. Bàtà mi ti gbọn omi mu kí n tó kan ilẹ̀kùn. Ilé àwọn ahunṣọ àtijọ́ ni ilé náà, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, fèrèsé tò gbọọrọ lókè rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin ọlọ́yàyà kan. Ó gba kóòtù mi, ó fi mí jókòó ní kíṣìnnì níbi tí iná ti ń jó. Ọ̀gá mi jókòó ṣánṣán sórí àga onígi, ìrọ̀rí lẹ́yìn rẹ̀. Láti ojú fèrèsé, mo rí àgbébọ̀ adìẹ mẹ́fà tí wọ́n ń ha ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó rí i pé mò ń wò wọ́n, ojú rẹ̀ sì tan fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun mú ìwé kan lára ògiri.

"Ọdún mẹ́jọ," ó ní. "Gbogbo ẹyin tí wọ́n yé ló wà níbẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mo fò."

Mo ṣí i. Ọjọ́ àti iye, ọjọ́ àti iye, ìwé kíkọ rẹ̀ mọ́ bíi ti fáìlì Japan. Ìyàwó rẹ̀ ń da tíì sínú kọ́ọ̀bù, ó rẹ́rìn-ín.

"Èyí tí mo bá gbé wọlé lò ń kọ," ó ní fún un.

"Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

"Mo máa ń fún ìyá tó wà lódìkejì ọ̀nà lára rẹ̀ kí n tó wọlé. Ojoojúmọ́ kọ́. Ìkan tó pupa yẹn náà, inú igbó lẹ́bàá ògiri ló ń yé sí, mi ò sì lè máa bẹ̀rẹ̀ wá a."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Nígbà tá a bá sì lọ sí etí òkun ńkọ́, ta ló ń kà á fún ẹ?"

Mo ṣí ìwé náà sí oṣù August, mo rí i pé ojoojúmọ́ ló ní iye tiẹ̀. Ọ̀gá mi rí mi tí mo rí i. Etí rẹ̀ pọ́n.

"Mo fojú díwọ̀n rẹ̀," ó ní.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún pẹ̀lú. Mo rántí bàtà mi tó tutù, mo rántí October, November, December. Mo ní, "Sà, ilé kan ṣoṣo nìyí. Adìẹ mẹ́fà."

"Mo gbọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ le díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi wá sílẹ̀, ó lọ kó aṣọ. Nígbà tó yá, ọ̀gá mi pa ìwé náà dé.

"Kí lo wá fẹ́ kọ?"

Mo ní mo fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe ń ka ẹyin: ta ni wọ́n rán lọ kà á, ta ló ń fi adìẹ pa mọ́ fún un, kí ló ń bà á lẹ́rù, kí ló kọ sílẹ̀. Mo ní mo lè bá àwọn ọmọ kíláàsì wa tó ti ṣe iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ láìdárúkọ wọn.

"Oṣù díẹ̀ ló kù fún ẹ."

"Oṣù tó ti lọ ló pọ̀, sà."

Ó wò mí. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Ó ní kí n máa lọ kọ ọ́.

Ìyàwó rẹ̀ fi ìwé ìròyìn wé ẹyin mẹ́rin fún mi pé kí n mú lọ sílé. Mi ò lè kọ̀ ọ́. Mo gbé wọn nínú báàgì, nínú bọ́ọ̀sì méjì, pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ní Oldham ẹnì kan jókòó ti báàgì náà. Ẹyin kan fọ́ sórí iṣẹ́ tí mo mú lọ fún ọ̀gá mi, tí kò tiẹ̀ rántí gbà lọ́wọ́ mi.

Mo tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ jókòó kó lè sọ tiẹ̀, ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Obìnrin ará Íńdíà kan nínú kíláàsì wa sọ fún mi pé ìyá òun sin adìẹ ní gbogbo ayé rẹ̀, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó bá a sọ̀rọ̀ rí, torí pé bàbá òun ni wọ́n máa ń béèrè, bàbá ò sì mọ iye adìẹ tó wà nílé. Èmi náà kọ ti ara mi síbẹ̀, mo pe ara mi ní òṣìṣẹ́ kan láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Olùdánwò tó wá láti ìta ní ìwé náà jọ ìráhùn ju ìwádìí lọ. Wọ́n fún mi ní oyè náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ fi àtẹ kan sí i. Mo fi í sí i, mo fi ibi tí mi ò mọ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ọ̀rẹ́ mi padà sílé lọ́dún yẹn. Àwa ò padà. Nǹkan ò fara rọ nílé, ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tirẹ̀, wọ́n sì gbà mí síbi kan ní Trafford Park tí wọ́n ti ń fọ́ ẹyin fún àwọn tó ń ṣe kéèkì, pé kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, lẹ́tà ọ̀rẹ́ mi dé. Ó ní òun ti ṣe é bó ṣe yẹ. Òun pe àwọn obìnrin abúlé jọ, òun sọ fún wọn pé kì í ṣe ti owó orí, òun sì ní kí wọ́n máa ka ẹyin wọn fúnra wọn. Wọ́n kà á fún ọdún kan gbáko. Ṣùgbọ́n iye tó jáde kéré sí èyí tó ti ń kọ tẹ́lẹ̀, kò sì kéré díẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní olú iléeṣẹ́ pè é, ó ní níbo ló kó adìẹ ìjọba sí. Kí oṣù tó parí, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù kékeré kan pé kó máa bójú tó ewúrẹ́.

Mo ka lẹ́tà náà lórí ìdúró nínú kíṣìnnì. Mo jókòó, mo tún un kà. Èmi ni mò ń sọ fún un ní kántíìnì, ní gbogbo ìgbà ooru yẹn, pé tó bá délé kó kà á dáadáa. Ó rọrùn fún mi láti sọ.

"Ìwọ kọ́ lo rán an," ọkọ mi ní.

"Èmi ni mo rán an."

"Àgbàlagbà ni. Ó mọ ohun tó ń ṣe."

Mo kọ̀wé sí i, mo bẹ̀ ẹ́. Ó dá mi lóhùn pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ẹja pọ̀ níbẹ̀, pé ìyàwó òun fẹ́ràn afẹ́fẹ́ òkun, ṣùgbọ́n ohun tó ń dun òun ni pé wọ́n ti kó ìwé òǹkà àwọn obìnrin náà lọ, wọn ò sì dá a padà fún wọn. Ó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kí ọ̀gá mìíràn tó dé tó sì pè é padà, láìṣàlàyé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ìlà náà ń já. Ó béèrè bóyá òtútù Manchester ṣì rí bó ṣe rí. Mo ní ó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní orúnkún ń dun òun, mo ní kó máa fi omi gbígbóná jó o, a sì sọ̀rọ̀ nípa orúnkún títí ìlà fi já pátápátá.